Ta Ni Yóò Jí Wọn fún Sààrì?

Àwọn ọmọ mi tó wà lókè òkun máa ń fi mí rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ pé èmi náà ti gbé ìlú òkèèrè rí. Wọ́n á ní, "Mọ́mì, ibo nìyẹn?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé Ẹ̀pẹ́ ni. Ẹ̀rín wọn á tún pọ̀ sí i, nítorí láti Ìkòròdú tí mo ń gbé báyìí, èèyàn lè jẹ oúnjẹ àárọ̀ nílé kó sì lọ jẹ tọ̀sán ní Ẹ̀pẹ́, bí ọ̀nà Agbówà bá dáa. Èmi kì í bá wọn jiyàn. Ẹni tó ti darúgbó kó tó di ẹrù kúrò nílé ara rẹ̀ ló mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òkèèrè.

Apá Ọ̀ṣun ni ìlú wa wà. Odò tí mo mọ̀ láti kékeré, bó ti wù kó kún tó, a ń rí òdìkejì rẹ̀. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí, bàbá àwọn ọmọ mi sì ṣiṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́. Àwa méjèèjì ti fẹ̀yìn tì nígbà tí ìjọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn àgbàlagbà tí wọ́n lè rán lọ ṣe míṣọ́nnárì. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń san owó ilé ìwé ọmọ, wọn ò ráyè, kí àwọn tí ọmọ wọn ti gbọ́njú nawọ́. Bàbá àwọn ọmọ mi nawọ́ láìbi mí. Mo bá a jà láti ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, nígbà tí ìjà tán mo lọ ń wá àpótí tí a ó kó aṣọ sí.

Bí a ṣe dé Ẹ̀pẹ́ nìyẹn. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré onípáánù kan ni wọ́n fà lé wa lọ́wọ́. Àwọn tó ń wá síbẹ̀ kò ju àwọn tó wá ṣiṣẹ́ láti ìlú mìíràn lọ. Ilé tí wọ́n gbà fún wa kọ ẹ̀yìn sí agboolé ńlá kan, ilé àwọn apẹja àti oníṣòwò ẹja, Mùsùlùmí láti ìgbà bàbá ńlá wọn. Kò sí ọgbà láàárín wa, àfi àgbàlá gbalaja tí wọ́n mọ ààrò sí, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Kò pẹ́ tí èéfín fi mọ ilé wa ju àwa tí a ń gbé inú rẹ̀ lọ. Bí mo bá ṣí Bíbélì mi lọ́jọ́ Sunday, òórùn ọ̀bọ̀kún yíyan ló máa ń kọ́kọ́ kí mi.

Yorùbá ni wọ́n ń sọ, Yorùbá ni àwa náà ń sọ, síbẹ̀ bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn Ìjẹ̀bú ti ara wọn bá ara wọn sọ̀rọ̀, bí àlejò níbi ìdájọ́ ni mo ṣe máa ń jókòó. Mo ń wo ẹnu wọn. Mo ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín.

A kò tíì tú ẹrù tán tí oṣù Ramadan fi wọlé. Ní ìdájí àkọ́kọ́, ariwo kan ta mí jí, gbàn-gbàn-gbàn, irin ni, ó sì ń sún mọ́ ilé wa. Mo ní olè ni. Bàbá àwọn ọmọ mi ní olè wo ló máa ń lu agogo kó tó jalè, ó sì yí ojú sí ògiri. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kọjá lọ sí àgbàlá wọn láti fẹjọ́ sùn, pẹ̀lú gèlè mi lórí, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pàtàkì ni mo bá wá.

Obìnrin kan tó jẹ́ bí ẹgbẹ́ mi ló jókòó ti ààrò, ó ń to epìyà sórí àwọ̀n. Òun ni wọ́n ń pè ní Àlàájà, opó bàálé ilé náà. Ó gbé àpótí fún mi. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ ẹjọ́ mi tán, ó ní kí n má bínú, òun ló ń lu ìdérí ìkòkò, àwọn èèyàn òun lòun ń jí kí wọ́n lè jẹ sààrì kí ààwẹ̀ tó mú. Mo ní èmi kì í ṣe èèyàn rẹ̀, ó sì jí mi.

Ó wò mí dáadáa. Ó ní, "Àwa ti rò pé ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì náà máa ń jí gbàdúrà nírú àkókò yẹn."

Ó di ẹja gbígbóná sínú ewé fún mi, mo gbà á, mo sì padà sílé pẹ̀lú gèlè mi. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, bí ìdérí ìkòkò ti dún, mo dìde mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Mo ti wí fún àwọn èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé mo máa ń jí gbàdúrà ní ìdájí. Ọdún yẹn ni mo wá ń jí lóòótọ́, Àlàájà ló sì ń jí mi.

Mo máa ń yọjú lójú fèrèsé láti wo bó ṣe ń ṣe é. Kì í kàn lu irin kó sì kọjá. Ìdérí ìkòkò ńlá kan tó ti tẹ̀ létí ló máa ń mú lọ́wọ́ òsì, ọmọrogùn ló fi ń lù ú. Ó ń lọ láti ẹnu ọ̀nà kan sí èkejì. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ó máa lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, ó máa pe ẹni tó wà nínú yàrá náà ní oríkì, yóò wá dúró. Ẹni tó ń sùn gbọ́dọ̀ wúkọ́ kó tó kúrò níbẹ̀. Bí kò bá gbọ́ ikọ́, ó gbà pé onítọ̀hún kò tíì jí, bó tilẹ̀ ń dáhùn "hẹn". Ó ní ẹni tó ń sùn lè ní "hẹn", ṣùgbọ́n ẹni tó ń sùn kò lè mọ̀ọ́mọ̀ wúkọ́. Mo bi í pé ṣebí mọ́sálásí ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ṣebí fóònù wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé. Ó ní gbohùngbohùn ń jí ìlú ni, kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

"Ta ló wá ń jí ẹ̀yin fúnra yín?" ni mo bi í.

Ó ní láti ìgbà tí ìyá ọkọ òun ti gbé ìdérí náà lé òun lọ́wọ́, kò sí ẹni tó jí òun mọ́. Ẹ̀rù ló ń jí òun, kí ilẹ̀ má lọ mọ́ bá ẹnikẹ́ni lójú oorun.

Báyìí la ṣe dọ̀rẹ́. Lọ́sàn-án, bó bá ti ọjà ẹja dé, mo máa ń lọ bá a jókòó. Mo ń bá a tún ẹja ṣe, òun sì ń ṣàtúnṣe ohun tí mo bá ti tún ṣe. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́. Mo kọ́ ọ pé kó dín iyọ̀ kù, kò sì gbọ́. Mo ní ẹ̀rọ ayẹ̀jẹ̀ríru àtijọ́ kan tí mo gbé wá láti ilé, gbogbo agboolé ló ti fi apá sínú rẹ̀. Bó bá di Iléyá, ẹran wa máa ń kọ́kọ́ dé kó tó di pé wọ́n pín tiwọn. Bó bá di Kérésìmesì, Àlàájà á ránṣẹ́ pé ìrẹsì òun dà.

Ohun tí bàbá àwọn ọmọ mi fi ń pa wá lẹ́rìn-ín jù ni sísìn. Ní ilé wọn, àlejò kì í dá jáde, onílé gbọ́dọ̀ sìn ín sọ́nà. Àgbàlá kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, ṣùgbọ́n Àlàájà á sìn mí dé ẹnu ọ̀nà mi. Màá dà bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́ bí mo bá jẹ́ kí ó dá padà, nítorí náà èmi náà á sìn ín dé ìdí ààrò. Ọ̀rọ̀ ò sì tíì tán lẹ́nu wa, òun náà á tún sìn mí padà. Bàbá àwọn ọmọ mi á yọrí lójú fèrèsé. Á ní, "Ẹ̀yin obìnrin yìí, ṣé Agbówà lẹ ń lọ ni?"

Àwọn alábòójútó wa máa ń wá láti orílé-iṣẹ́ ìjọ. Wọ́n máa ń béèrè èèyàn mélòó la ti jèrè nínú agboolé ẹ̀yìn wa. Bàbá àwọn ọmọ mi á dáhùn pé àwọn aládùúgbò wa mọ̀ wá, àwa náà sì mọ̀ wọ́n. Ìdáhùn yẹn kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Èmi kì í dá sí i, nítorí bí mo bá lanu, mo lè bi wọ́n pé ta ló jèrè ta.

Àwọn èèyàn ń lọ ní gbogbo àkókò yẹn. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ láti ka ẹ̀kọ́ ni yóò ríṣẹ́ sí ibòmíràn. Àwọn tọkọtaya àgbà bíi tiwa tí wọ́n rán sí ìtòsí wa parí àsìkò wọn, wọ́n wá dágbére, a jẹun, a gbàdúrà, a kò sì rí wọn mọ́ àfi lórí fóònù. Agboolé Àlàájà náà ń tú. Ọ̀kan gba Ìkòròdú lọ, èkejì ríṣẹ́ ní erékùṣù Èkó, ẹ̀kẹta fò lọ sókè òkun. Yàrá ń ṣófo, àwọn aláǹtakùn ń gbà á.

Ọdún kejì ni mo ṣàkíyèsí ohun kan ní ìdájí. Bí Àlàájà bá dé ẹnu ọ̀nà yàrá tó ti ṣófo, kì í fò ó. Á lu ìdérí náà lẹ́ẹ̀mẹta, á pe oríkì ọmọ tó ti lọ, á dúró bó ṣe máa ń dúró. Lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ á wúkọ́, á sì kọjá sí yàrá tó kàn. Mi ò sọ fún un pé mo gbọ́. Mo jókòó sétí ibùsùn, mo sì sunkún, nítorí ọmọ tèmi náà pọ̀ lókè òkun tí kò sí ẹni tó ń bá wọn wúkọ́.

Ẹsẹ̀ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Orúnkún Àlàájà ti ń dùn ún tipẹ́, ó ń fi òróró pa á, ó ń tiro lọ sọ́jà. Lọ́jọ́ kan ó ṣubú létí ọ̀sà níbi tó ti ń gba ẹja lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀. Mo yẹ orúnkún náà wò. Mo ti rí irú rẹ̀, mo mọ̀ pé bí wọn kò bá ṣiṣẹ́ abẹ sí i, ìjókòó ló kù. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, tó ń gbé ní Kánádà, ní òun ti ṣètò gbogbo ìwé, kí ìyá òun máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, àwọn dókítà ń dúró. Ìyá ní òun ò lọ. Ọmọ bẹ̀, ẹ̀gbọ́n bẹ̀, lẹ́mọ́mù bẹ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀.

Ni ọmọ bá pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ màmá mi. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tiyín."

Òótọ́ ló sọ, ohun tó sì dùn mí níbẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá dákẹ́, Àlàájà kò ní lọ. N kò ní wá ẹlòmíràn tí n ó máa bá jókòó nídìí ààrò. Mo sọ fún bàbá àwọn ọmọ mi pé n kò ní dá sí ọ̀rọ̀ ìdílé onídìílé. Ó ní ó dáa. Nígbà tí a jẹun tán, ó ní òun rí Àlàájà lówùúrọ̀, ó di ògiri mú kó tó lè dìde lórí ẹní ìrun. Ó ń kó abọ́ lọ bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Ọkùnrin náà burú.

Mo lọ bá a lọ́jọ́ kejì. Ó ní òtútù yóò pa òun níbẹ̀. Mo ní ọmọ rẹ̀ ti ra kóòtù. Ó ní kò sí ẹja gidi. Mo ní wọ́n ń ta á, ó wọ́n ni. Ó ní ta ni yóò tọ́jú ààrò. Mo ní ìyàwó ọmọ rẹ̀ kejì tó wà nílé mọ ẹja yan ju òun lọ, gbogbo ọjà ló sì mọ̀. Ìyẹn bí i nínú díẹ̀, ó bọ́ sórí ohùn Ìjẹ̀bú wọn, mo dúró títí ó fi padà wá bá mi lórí Yorùbá tí mo gbọ́. Ó wá gbé ọmọrogùn tó wà lẹ́bàá rẹ̀ sórí ẹsẹ̀.

"Ta ni yóò jí wọn fún sààrì?" ló wí. "Àwọn ọmọ yìí, oorun ni wọ́n mọ̀. Ìyàwó ilé yẹn, bó bá sùn, òjò lè gbé e lọ. Ta ló máa jí wọn?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó rí i pé èmi kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Ajíhìnrere, ẹ̀yin? Kí ni ṣọ́ọ̀ṣì yín máa wí?"

"Ẹ jẹ́ kí n bá ṣọ́ọ̀ṣì mi fà á."

Ó ń fi ọmọrogùn náà ha eérú sílẹ̀. "Ó dà bíi pé ẹ fẹ́ kí n lọ," ló wá sọ.

Mo ní, "N kò fẹ́ kí ẹ lọ rárá. Mo fẹ́ kí ẹ rìn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó pè mí síta, ó dì mí lápá mú nítorí orúnkún rẹ̀, a sì ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ó kọ́ mi ní oríkì ẹni tó wà níbẹ̀, bí a ṣe ń gbé e sókè àti ibi tí a ti ń fà á. Ó kọ́ mi ní ti àwọn yàrá tó ṣófo náà. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, ó fẹ́ kọjá. Mo dúró. Mo ní tiẹ̀ ńkọ́. Ó ní kí ni n ó fi ṣe. Mo ní kí ó ṣáà sọ ọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó ń wo ilẹ̀ bí ọmọge, ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú kò sí ẹni tó tún fi pe òun.

Ọjọ́ tó lọ, gbogbo agboolé ló jáde. Wọ́n bá a gbé ẹrù sínú ọkọ̀, ó wọ kóòtù nínú ooru Ẹ̀pẹ́, nítorí ó ní òun kò fọkàn tán àpótí. Ó di ọwọ́ mi mú látojú fèrèsé ọkọ̀. Kò sọ nǹkan kan tó dùn-ún gbọ́. Ó ní kí n má máa lu ìdérí náà létí tó ti tẹ̀, àárín ni kí n máa lù. Ọkọ̀ gbéra. Mo sìn ín dé ojú títì, n kò sì rí ẹni tí yóò sìn mí padà.

Nígbà tí mo dé àgbàlá, ewé àgbálùmọ̀ àti eérú kún ilẹ̀, mo sì jẹ́ ẹni tí kò lè wo ìdọ̀tí. Mo mú ìgbálẹ̀. Ìyàwó ilé sáré gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní nílé wọn, a kì í gbálẹ̀ tẹ̀ lé ẹni tó rin ìrìn-àjò, ó di ìgbà tí a bá gbọ́ pé ó ti gúnlẹ̀. Ìrìn Kánádà kì í ṣe ìrìn Agbówà. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ tún ṣú, àgbàlá wà bẹ́ẹ̀. Mo ń gba iwájú ilé jáde kí n má baà tẹ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tiro lọ, a rí i nínú eérú. Nígbà tí wọ́n pè pé ó ti dé, wọ́n gbálẹ̀. Mo bá wọn dúpẹ́, mo wọlé, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Ramadan dé. Èmi Ìyá Ajíhìnrere sùn lójú kan, mo jí, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì òtútù bàbá àwọn ọmọ mi lórí aṣọ àwọ̀sùn, mo gbé ìdérí ìkòkò. Mo jí gbogbo ilé, yàrá kan kò bọ́. Wọ́n wúkọ́, mo kọjá. Mo dé àwọn yàrá tó ṣófo, mo pe oríkì, mo bá wọn wúkọ́. Mo dé ẹnu ọ̀nà Àlàájà, mo ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Wọ́n dáná, wọ́n jẹun, inú mi dùn bí ẹni tó gbẹ̀bí ìbejì. Ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ ni ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọkùnrin ilé náà rọra wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ṣeun. Wọn ò tíì rí oṣù o."

Kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lára ògiri mi ni mo wò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ báyìí ni Ramadan, mo sì gbà pé ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ jáde ti dé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé wọ́n máa ń wo ojú ọ̀run. Wọ́n gbọ́ ìdérí ìkòkò, wọ́n gbà pé ẹni tó ń lù ú mọ̀, gbogbo agboolé sì ti dìde jẹ sààrì ààwẹ̀ tí kò sí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan lára àwọn ọmọ ìjọ wa kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí ló kan míṣọ́nnárì pẹ̀lú sààrì. Bàbá àwọn ọmọ mi dìde lọ́jọ́ Sunday, ó ní ìyàwó òun ṣèlérí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá mọ ibi tí ó ti wà nínú Bíbélì pé ká ba ìlérí jẹ́, kó kà á. Kò sẹ́ni tó kà á. Ní Kánádà, nígbà tí Àlàájà gbọ́ nípa oṣù tí mo fi ọwọ́ ara mi yọ, ó rẹ́rìn-ín lórí fóònù débi pé ọmọ rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ láti bi mí ohun tí mo ṣe fún ìyá òun.

Àsìkò tiwa náà pé. Ojú bàbá àwọn ọmọ mi ń ṣe bàìbàì, ọmọbìnrin wa sì ń gbé ní Ìkòròdú, ó gba ilé fún wa nítòsí rẹ̀. Tọkọtaya àgbà mìíràn dé láti gba iṣẹ́. Mo fa ìdérí ìkòkò àti ọmọrogùn lé ìyàwó ilé lọ́wọ́, mo sì kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ láti da omi lé e lójú bí kò bá jí. Agboolé sìn wá dé ibùdókọ̀. N kò bojú wẹ̀yìn, nítorí mo mọ̀ pé wọn kò ní tíì gbálẹ̀.

Ilé tí a ń gbé ní Ìkòròdú yìí, ará Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ló kún inú rẹ̀. Ohùn wọn ni ohùn mi. Ìyá tó wà lókè wa, ìlú wa kò jìnnà síra. Àmàlà wọn dára, n kò lẹ́jọ́. Ó yẹ kí n ní mo ti dé ilé. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ẹnì kan tó ń fi ohùn Ìjẹ̀bú ná ẹja lọ́jà, ẹsẹ̀ mi á dúró. Mo ti tẹ̀ lé obìnrin kan títí dé ìdí ọkọ̀ nítorí bó ṣe ń bá ọmọ rẹ̀ wí. Òórùn ẹja ti tán lára Bíbélì mi. Mo máa ń ṣí i, mo máa ń fi imú sí i, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ àfi ìwé.

Ramadan tó kọjá yìí, Àlàájà pè mí, ó ń sunkún. N kò gbọ́ ẹkún rẹ̀ rí. Orúnkún ti dáa, ó ń rìn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti mọ́ bá a lójú oorun. Ilé tó wà gbóná, ibùsùn rẹ̀ jinlẹ̀, wọ́n ti fèrèsé pa, kò sí àkùkọ, kò sí làdánì. Ọmọ rẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn, ìyá ń ní "hẹn", ó sì ń sùn lọ. Ọmọ náà rò pé ìyá ti jí.

"Gbogbo ayé mi, èmi ni mò ń jí wọn," ló wí. "N kò mọ̀ pé báyìí ni oorun ṣe máa ń mú èèyàn."

Mo ní kí ó gbé fóònù fún ọmọ rẹ̀. Mo sọ fún ọmọ náà pé bí ó bá di ìdájí lọ́dọ̀ wọn, kí ó pè mí, kí ó gbé fóònù lé ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí ìyá rẹ̀, kí ó sì lọ gbé oúnjẹ kaná.

Ìdájí wọn, ọ̀sán ló fẹ́ẹ̀ jẹ́ ní Ìkòròdú. Oòrùn ti mú. Ìyá tó wà lókè ń sá aṣọ lórí okùn nígbà tí mo gbé àpótí síta, ìdérí ìkòkò ìrẹsì mi lọ́wọ́ kan, ọmọrogùn lọ́wọ́ kejì. Bàbá àwọn ọmọ mi di fóònù mú síwájú mi. Nígbà tí ọmọ Àlàájà ní ó ti yá, mo lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, láàárín. Obìnrin tó ń sá aṣọ dúró, ó ń wò wá. Mo pe oríkì Àlàájà bó ṣe kọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo gbé e sókè níbi tó ní kí n gbé e, mo fà á níbi tó ní kí n fà á.

Mo dúró. Mo gbọ́ "hẹn."

Mi ò dá "hẹn" lóhùn. Mo tún lù ú, mo tún pè é. Fóònù dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá àwọn ọmọ mi fi gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀ láti wò ó bóyá ó ti já. Mo tún un pè lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì rí i pé èmi fúnra mi ti fẹ́ bá a wúkọ́, bí mo ṣe ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

Ó wúkọ́.

Mo jókòó lórí àpótí. Mo gbọ́ bó ṣe ń yí padà lórí ibùsùn, bó ṣe ń wá fóònù kiri.

"Ìdérí yẹn kọ́ lẹ lù," ló wí, oorun ṣì wà lóhùn rẹ̀. "Àmọ́ mo ti jí."

Mo ní kí ó dìde lọ jẹun, kí ilẹ̀ tó mọ́.